Ohun tí ìjọba fìdíhẹ lè pàṣẹ, àti ibi tó yẹ kó ti yẹra

Èrò ọkàn mi rèé, kí ẹni tí kò bá gbà fèsì. Bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá gba àkóso ìlú tí ogun ti tú ká, àwọn ẹ̀tọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ pàṣẹ wọn lójú ẹsẹ̀, láì dúró de ìdìbò. Àwọn kan sì wà tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá yàn. Yálà obìnrin ló kàn tàbí àwọn LGBTQ, ààlà kan náà ni mo ń fà: ohun tó bá kan ẹ̀mí, ara àti ohùn èèyàn, ẹ pàṣẹ ẹ̀, èyí tó bá kan ta ni ń fẹ́ ta, ẹ yẹra.

Àwa ará Ẹ̀pẹ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ní December 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Ní January 1852, Akíntóyè fọwọ́ síwèé pé òwò ẹrú ti tán. Ẹ̀pẹ́ níbí ni Kòsọ́kọ́ sá wá, níbí náà ló sì ti fọwọ́ sí àdéhùn tiẹ̀ lọ́dún 1854, pé òun ò ní ṣígun lọ sí Èkó mọ́, òun ò sì ní ta ẹrú mọ́. Ṣé torí àánú nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe é? Ó tì o. Ọjà àti epo pupa wà lọ́kàn wọn, nígbà tó sì di 1861 wọ́n gba Èkó pátápátá. Síbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ẹni tó ní kí òwò ẹrú padà wá torí pé àlejò ló fòpin sí i.

Àwọn tó ní àlejò kì í ṣòfin fún onílé máa ń tọ́ka sí ìlànà Hague ti 1907, abala 43: kí ẹni tó fi ogun gba ilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún òfin tó bá níbẹ̀, àfi tí kò bá sọ́nà mìíràn rárá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ogun gba ilẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìpinnu 1244 ti Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní June 1999, ló gbé UNMIK, ìjọba fìdíhẹ Àjọ náà, lọ sí Kosovo ní Yúróòpù; ìpinnu 1272, ní October ọdún kan náà, ló gbé UNTAET, irú ìjọba bẹ́ẹ̀ kan náà, lọ sí Timor-Leste ní Éṣíà, pẹ̀lú agbára ìṣòfin lọ́wọ́. Níbi méjèèjì, wọ́n ní kí òfin àtijọ́ máa ṣiṣẹ́ lọ níwọ̀n bí kò bá ti ta ko àwọn àdéhùn àgbáyé, CEDAW, àdéhùn tó ní kí wọ́n má ṣe ìyàtọ̀ sí obìnrin, sì wà lára wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ̀tọ́ obìnrin di òfin. Ibi tó ti wọ́ ni pé, yàtọ̀ sí òfin díẹ̀ tí wọ́n dárúkọ, adájọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá èyí tó ta ko àdéhùn. Adájọ́ wo ló ráyè ìyẹn nílùú tí wọ́n ti sun ilé ẹjọ́? Kí wọ́n to àwọn abala náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fagi lé wọn.

Ìpín obìnrin nínú ìdìbò ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ohun kékeré ti ń ba ńlá jẹ́. Nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Kosovo lọ́dún 2000, UNMIK pàṣẹ pé nínú orúkọ 15 àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá kọ, kí obìnrin tó 30 nínú 100. Àṣẹ náà dára. Ṣùgbọ́n wọ́n gba olùdìbò láyè láti fi àmì sí orúkọ ẹni tó wù ú nínú ìwé ẹgbẹ́, ni wọ́n bá ń fo orúkọ obìnrin. Nǹkan bí 8 nínú 100 ni obìnrin tó wọlé. Lọ́dún 2001 wọ́n yí i padà: ẹgbẹ́ nìkan ni èèyàn ń dìbò fún, bí orúkọ bá sì ṣe tò náà ni wọ́n ń wọlé, obìnrin kan ó kéré tán nínú ẹni mẹ́ta-mẹ́ta lókè ìwé orúkọ, níbi tí ìrètí àtiwọlé wà. Obìnrin 34 ló wọlé nínú 120. Àwọn olùdìbò kan náà ni o.

Ní Timor-Leste, ìgbìmọ̀ tí UNTAET gbé kalẹ̀ kò gba irú ìpín bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́dún 2001, àwọn elétò ìdìbò Àjọ náà pàápàá ò fẹ́ ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ibẹ̀ ni kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Wọ́n kọ́ obìnrin bí wọ́n ṣe ń díje, ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá gbé obìnrin sí òkè sì ń rí àkókò àfikún gbà lórí afẹ́fẹ́. Nínú ìjókòó 88, obìnrin gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Ti Afghanistan, ìwé òfin 2004 ya ìjókòó 68 sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú 249. August 2021, nígbà tí Taliban gba ìjọba, ló gbé e lọ. Kò sí ìpín tó lè dúró níwájú ìbọn, mi ò sì ní purọ́ pé ó wà.

Ó wá kan àwọn LGBTQ, níbi tí púpọ̀ nínú yín ti fẹ́ bá mi jà. Ẹni tí a ní kó bá wa ṣọ́ ilé lè pa iná tó ń jó; kò lè bá wa fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wa. Kí ìjọba fìdíhẹ fagi lé òfin tó ń sọ èèyàn sẹ́wọ̀n torí ẹni tó fẹ́, kó mú ẹni tó bá lù wọ́n, kí ilé ìwòsàn má lé wọn. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kó gbẹ́nu kúrò níbẹ̀. Ní Timor-Leste, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin tí wọ́n ń tò pé kí wọ́n má ṣe ìyàtọ̀ sí èèyàn torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Aṣòfin 52 nínú 88 ló dìbò pé kí wọ́n yọ ọ́. UNTAET ò gbà á padà lọ́wọ́ wọn, mo sì rò pé ó ṣe é re, nítorí kò sí òfin tó ń fi wọ́n sẹ́wọ̀n níbẹ̀. Ní Kosovo, gbólóhùn náà wọ òfin lọ́dún 2004, ó sì wà nínú abala 24 ìwé òfin wọn ti 2008.

Ẹ̀yin tó ń ní òyìnbó fẹ́ fi tìpá kó ìwà àjèjì bá wa, ẹ jọ̀wọ́, ta ló kọ abala 214 òfin ọ̀daràn wa, tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin sùn? Ìjọba amúnisìn ni, ẹnikẹ́ni nínú wa ò dìbò sí i. Òfin January 2014 tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ni tiwa. Ẹ tún wò ó: nínú ìdìbò 1959, obìnrin Gúúsù dìbò, ti Àríwá ò gbọdọ̀ dì í. Ìjọba ológun ló fún wọn ní ẹ̀tọ́ náà lọ́dún 1976. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ lónìí pé kí wọ́n gbà á padà?

Ogún jíjẹ ṣòro, ó wà láàárín méjì. Èmi máa fi í sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́, bí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè wa ṣe sọ lọ́dún 2014 pé àṣà Ìgbò tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún bàbá rẹ̀ ta ko ìwé òfin.

Kí wọ́n sì ná owó sórí ọlọ́pàá ju ìpàdé òtẹ́ẹ̀lì lọ. Lọ́dún 2001, nígbà tí UNTAET ṣì ń ṣàkóso, ni wọ́n ti dá ẹ̀ka ọlọ́pàá sílẹ̀ ní Timor-Leste fún obìnrin tí wọ́n lù àti ọmọ tí wọ́n bà jẹ́. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ wọn fi máa ṣe òfin lórí ìwà ipá inú ilé lọ́dún 2010, tábìlì tí èèyàn lè lọ fi ẹ̀sùn lélẹ̀ ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá.