Mo ka WhatsApp ọmọ mi lóru. Ṣé mo jẹ̀bi?

Ìyá Bọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 15 ni. Lálẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n múná dé, mo ní kí n bá a ṣájì fóònù rẹ̀, ni mo rí i tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní "bọ̀ọ̀dá JAMB" ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́, "má jẹ́ kí mọ́mì ẹ rí i o." Mo jókòó, mo ka gbogbo ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àtìgbà tó ti mọ̀ ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ro láfún lánàá, mo bu gbẹ̀gìrì sí i, ó wà lórí tábìlì títí tó fi tutù tó sì le. Ṣé òfin gbà mí láyè? Kí n fi áàpù tó ń ṣọ́ni sínú ẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, àbí kí n sọ fún un?

Bàbá Ìbejì Sábó: Ta ló ra fóònù? Ta ló ń ra dátà? Ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọmọ Ajílété: Láfún àti gbẹ̀gìrì ló ṣòfò báyìí? Mà, ẹ bá ti pè mí 😂

Lọ́yà Akẹ̀sán: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, sọ ní abala 8 pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá ń sọ lórí fóònù. Abala yẹn kan náà ló fún òbí láyè láti máa mójú tó ọmọ, bó bá ṣáà ti mọ níwọ̀n. "Níwọ̀n" yẹn gan-an lẹjọ́ wà, mà.

Bàbá Ìbejì Sábó: Ọmọ tí kò lè dá san owó ọ̀kadà dé Tákíì ló ní àṣírí? TA LÓ RA FÓÒNÙ?

Tíṣà Owódé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ọdún 15 yìí ni mò ń kọ́. Èyí tí wọ́n bá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ nílé, fóònù ọ̀rẹ́ ló ń lò tí a bá ti jáde ní kíláàsì.

Bàbá Ìbejì Sábó: Ta lẹ̀gbọ́n yín? Ẹ̀yin tíṣà lẹ fa gbogbo ẹ̀! Ẹ̀yin lẹ ní iṣẹ́ àmúrelé wà lórí WhatsApp.

Tíṣà Owódé: Ìgbà Kòrónà nìyẹn, sà. Ẹ má dì í lé mi lórí.

Bàbá Ìbejì Sábó: Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹnu nìkan lẹ ní.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́: Kí ni Ọ̀yọ́ ṣe níbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó láfún mì ní kùtùkùtù!

Ọmọ Ajílété: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan! Ẹ ò gbọ́ oríkì wa rí ni?

Onífóònù Tákíì: Ẹ fi ọkà sílẹ̀ ná. Ìyá Bọ́lá, iṣẹ́ mi nìyí. Àwọn áàpù tó ń fara pamọ́ yẹn, kó tó wọ Android, yóò kọ́kọ́ ní kí ẹ pa Play Protect, ìyẹn ọdẹ tí Google fi síbẹ̀. Tí ẹ bá ti lé ọdẹ lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ àti fọ́tò ọmọ yín á máa gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí kọjá. Ẹ lo Family Link, áàpù Google tí òbí fi ń mójú tó fóònù ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa hàn lórí fóònù rẹ̀ pé ẹ ń mójú tó o. Ẹ lè ní kó tì pa láago mẹ́sàn-án alẹ́. Kì í fi ọ̀rọ̀ inú WhatsApp hàn ṣá o. Ìyẹn, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jókòó sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́: Ẹni tó bá jẹ àmàlà Ọ̀yọ́ ò ní dárúkọ láfún mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Èmi náà ka ti ọmọ mi rí, mi ò sọ fún un. Mo rí i níbi tó ti ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé òun máa ń gbọ́ tí èmi àti bàbá òun bá ń jà lóru, òun á wá fi ìrọ̀rí bo etí. Mi ò lè bi í, torí mi ò lè sọ ibi tí mo ti rí i. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ó ṣì wà lọ́kàn mi.

Bàbá Ìbejì Sábó: Ẹ ò tíì dáhùn. TA! LÓ! RA! FÓÒNÙ!

Lọ́yà Akẹ̀sán: Ẹ̀yin náà lẹ ra ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn, sà. Ṣé ẹ máa ń bá a wọ balùwẹ̀ ni?

Bàbá Ìbejì Sábó: Ẹ bú mi?

Tíṣà Owódé: Wọn ò bú yín, sà.

Bàbá Ìbejì Sábó: Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀!

Ọmọ Ajílété: Àbẹ̀kẹ́, àmàlà tó dúdú bí èédú yẹn?

Ìyá Bọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́: Ọkùnrin yẹn ti tún ń pè o. Fóònù náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n gbé e?

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́: Dúdú ẹ̀ náà lẹwà ẹ̀.

Onífóònù Tákíì: Ẹ má gbé e, mà! Ẹ má sì pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ fi fóònù tiyín ya ohun tó kọ pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lókè, kẹ́ ẹ tó bulọ́ọ̀kì ẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ yà, ẹ má ya fọ́tò ọmọ.

Lọ́yà Akẹ̀sán: Kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mà. Abala 23 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 wà fún irú àwọn tó ń tan ọmọdé báyìí.

Ìyá Bọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́: Ó ti dákẹ́. Bọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Ìyá Ẹlẹ́pà: Ẹ pa dátà yín, kẹ́ ẹ lọ bá a.