Dátà wà nílé, kọ́kọ́rọ́ wà lájò

“Tí dátà wa bá ti wà ní Èkó, kò sí ìjọba òkèèrè tó lè yọjú sí i.” Wọ́n ti sọ ọ́ títí ó fi dà bí òótọ́. Kì í ṣe òótọ́. Ilé-iṣẹ́ tí dátà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni òfin ń dì mú, ibi yòówù kí ẹ̀rọ rẹ̀ wà.

Ní oṣù Kejìlá 2013, adájọ́ kan ní New York fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí Microsoft kó í-meèlì oníbàárà kan jáde. Inú ẹ̀rọ ní Dublin, ní Ireland, ni í-meèlì náà wà. Microsoft yarí. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Kí wọ́n tó dá a, CLOUD Act di òfin ní Amẹ́ríkà ní 23 oṣù Kẹta 2018: bí ilé-iṣẹ́ bá wà lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, tí ìwé àṣẹ sì dé, ó gbọ́dọ̀ kó ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ jáde, ì báà wà ní Texas, ì báà wà ní Èkó. Adájọ́ ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ inú í-meèlì, ṣùgbọ́n adájọ́ tiwa kọ́.

Ní oṣù Kẹfà 2025, àwọn sẹ́nétọ̀ Faransé bi ọ̀gá kan ní Microsoft ti Faransé lábẹ́ ìbúra bóyá ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé dátà àwọn ará Faransé kò ní dé ọwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé Faransé gbà. Ó ní irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀, àmọ́ òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Kíkó dátà wálé tilẹ̀ lè sún un mọ́ ìjọba ilé. Ní oṣù Kejì 2018, iCloud (ibi tí Apple ti ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ tọ́jú dátà) ti àwọn ará Ṣáínà bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Guizhou, ní Ṣáínà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn kóòdù àṣírí tí wọ́n fi ń ti dátà tí wọ́n sì fi ń ṣí i, sì bá a lọ. Tẹ́lẹ̀, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà ni àwọn aláṣẹ Ṣáínà ní láti gbà kọjá. Lẹ́yìn náà, òfin abẹ́lé tó wọn. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka 38 òfin Cybercrimes Act ti 2015 ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè àti orúkọ oníbàárà fún ọdún 2.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba ibi ìpamọ́ dátà fún ilé-iṣẹ́ yín, ẹ bi àwọn tó ń pèsè rẹ̀ pé: ta ló ni yín, níbo lẹ ti forúkọ sílẹ̀, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń “darí” lórí ẹ̀rọ tiwọn kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yín nìkan, tí ẹ fi ti dátà kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ni tiyín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ láti fóònù sí fóònù wà ní títì, àmọ́ ẹ̀dà ìpamọ́ (backup) tó ń lọ sí Google Drive kò ní irú àgádágodo yẹn àfi tí ẹ bá fi í sí i. Ẹ lọ sí Settings, Chats, Chat backup, End-to-end encrypted backup, kí ẹ tẹ Turn on, kí ẹ wá yan ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kọ́kọ́rọ́ onílẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ pa á mọ́: bí fóònù bá sọnù, tí ẹ sì ti gbàgbé rẹ̀, WhatsApp gan-an kò lè ṣí i. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kó ṣe tirẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú ẹ̀dà tiẹ̀.