Kí ló wà nínú páńẹ́ẹ̀lì yẹn?

Ẹ wọ pláásà tuntun èyíkéyìí n'Ìbàdàn báyìí kẹ́ ẹ gbójú sókè, sílìn PVC, ìyẹn sílìn oníke, tó ń dán gbinrin lẹ máa rí, wọ́n á ti fi pláìwúùdù gé ṣọ́ọ̀bù kan sí mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá sì jáde síta, páńẹ́ẹ̀lì aluminiọ́ọ̀mù ti bo gbogbo iwájú ilé. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ a fẹ́ bi àwọn tó ń buwọ́ lu plánì ilé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: ṣé ẹ máa ń béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi bo ilé náà, àbí iye yàrá àti ibi tí sọ́kàwéè máa wà nìkan lẹ̀ ń wò?

Káfíńtà kan ní Bódìjà ló ṣáná sí àjákù fóòmù funfun lójú wa, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n tún ń fi ṣe ọnà sára ilé. Ká tó ka márùn-ún ó ti súnkì, ó ti ń yọ́, ó ń kán tó-tó-tó sílẹ̀, iná sì wà lára gbogbo ẹ̀kán tó ń kán yẹn, ọ̀kan bọ́ sórí lẹ̀búlẹ̀bú pákó, ìyẹn náà gbiná. Èéfín ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìtì igi ò rí bẹ́ẹ̀. Pákó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi dígíríì 250 sí 300 kí afẹ́fẹ́ tó ń gbiná tó jáde lára ẹ̀, tó bá sì jó díẹ̀, èédú á bo ara ẹ̀, á dáàbò bo inú fúngbà díẹ̀. Àmọ́ pláìwúùdù tín-ín-rín kì í ní sùúrù yẹn, ẹni tó bá ti fi igi dáná rí mọ̀ pé igi wẹ́wẹ́ la fi ń kóná. PVC ńkọ́? Àwọn tó ń tà á á ní kì í jó, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá mú iná kúrò ó lè kú, ṣùgbọ́n tí iná bá dúró tì í, èéfín tó ń ta ojú àti ọ̀fun bí ásíìdì ló máa tú jáde. Fóòmù àga tún burú jù, májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì ń bẹ nínú èéfín ẹ̀. Èéfín yìí ló sì máa ń pa èèyàn kí iná tó débẹ̀.

Ní London, June 14, 2017, fíríìjì kan ló bẹ̀rẹ̀ iná ní Grenfell Tower, alájà 24, iná yẹn bọ́ síta, ó bá páńẹ́ẹ̀lì aluminiọ́ọ̀mù tó jẹ́ pé ike ló wà nínú ikùn ẹ̀, ó gba àlàfo àárín páńẹ́ẹ̀lì àti ògiri gun òkè bí ẹní gun àkàbà. Èèyàn 72 ló kú. Irú páńẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lè wà lójú títì wa níbí, ẹni tó kàn án gan-an ò lè sọ, torí ojú ò lè mọ èyí tó níke nínú yàtọ̀ sí èyí tí ò ní. Àwa tí Cocoa House jó mọ́ lójú lọ́dún 1985 ní Dùgbẹ̀ ò yẹ ká máa bẹ ìjọba kí wọ́n tó yẹ páńẹ́ẹ̀lì wò.

Àwọn tó ń kọ́lé á ní ohun tí kì í jó ti wọ́n jù. Ó wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ búlọ́ọ̀kù ò níí jó, POP, ẹfun funfun tí wọ́n ń pò fi ṣe sílìn, tó kún ìgboro náà kì í jó, omi wà nínú ẹ̀ látilẹ̀, tí iná bá kàn án omi yẹn ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Ògiri amọ̀ àwọn bàbá wa ní Bẹẹrẹ gan-an kì í gbiná.

Nítorí náà, kí ìjọba má fọwọ́ sí plánì pláásà kankan mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ ohun tó wà nínú páńẹ́ẹ̀lì àti sílìn sínú ẹ̀, kí panápaná sì lọ gé díẹ̀ lára ẹ̀ síta kí wọ́n ṣáná sí i. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìwó Road àti Ring Road, kí káfíńtà tó gun òkè.