Aṣọ Tí A Gbé Kọ́ fún Ìwòran Náà Ń Gbó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé wíwọ̀ àti fífọ̀ nìkan ló ń mú kí aṣọ gbó, àti pé aṣọ tó bá ti wọ inú gíláàsì ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti bọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi ń ya àlejò lẹ́nu pé Metropolitan Museum of Art ní New York ní aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ tó lé ní 33,000, síbẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn wà lórí àtẹ títí lọ. Kì í ṣe ahun ni wọ́n ń ṣe.

Ìmọ́lẹ̀ ni olórí ọ̀tá. Ohun tí ó bá bàjẹ́ lára aró àti òwú lónìí, orí ti àná ni ó ń gùn, kò sì sí ẹni tí ó lè dá àwọ̀ tó ti ṣá padà. Nítorí náà ni àwọn olùtọ́jú kì í sábà jẹ́ kí iná tó ń tàn sí aṣọ ju 50 lux lọ (lux ni òṣùwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára nǹkan ṣe pọ̀ tó), nígbà tí oòrùn ọ̀sán gangan máa ń ju 50,000 lọ. Ìyẹn náà kàn ń dẹ ìrìn ìbàjẹ́ ni, kò dá a dúró.

Ojú mi ló ṣe nínú pálọ̀ ìyá mi àgbà. Wọ́n gbé gèlè àlàárì kan kọ́ sára ògiri tó kọjú sí fèrèsé, ẹnikẹ́ni kò sì wé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, inú ìṣẹ́po rẹ̀ ṣì pọ́n fòò bí osùn, ṣùgbọ́n ojú tí oòrùn ń rí ti ṣá di àwọ̀ eruku, ojú ìṣẹ́po náà sì ya bí a ṣe rọra nà án.

Ìwúwo aṣọ náà ń bá a jà. Ẹ̀wù onílẹ̀kẹ̀ tí a bá fi èjìká rẹ̀ kọ́, ìlẹ̀kẹ̀ yóò máa fa òwú títí ojú rírán yóò fi já, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. Sílíìkì Yúróòpù ti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tilẹ̀ burú jù: wọ́n fi iyọ̀ tin, èròjà kan láti ara irin tí a ń pè ní tin, sínú púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n lè wúwo lọ́wọ́, iyọ̀ náà sì ń sọ òwú di gbígbẹ, débi pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń ya fúnra rẹ̀ nínú àpótí.

A ti ká gèlè ìyá àgbà yí ọ̀pá tí a fi aṣọ funfun fífọ̀ wé, ó sì wà nínú òkùnkùn. Ọjọ́ ìrántí wọn nìkan ni a ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí àwọn ọmọ lè rí pupa tó ṣẹ́kù.