Ẹ jẹ́ kí n máa lọ Shimla mi

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí nítorí Shimla, ìlú orí òkè kan ní Íńdíà. Bí ìsinmi bá ti dé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní yunifásítì ń tu owó jọ láti lọ wo Taj Mahal tàbí etíkun Goa, èmi á ti wà ní ìdíkọ̀ Chandigarh, màá ti wọ bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè. Àbúrò wa kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ yín mọ́ ni?" Ẹ̀rín pa mí.

Èrò tèmi ni pé fọ́tò tí èèyàn yà nígbà àkọ́kọ́ tó dé ìlú kan, ara rẹ̀ ló yà. Ìlú náà kò tíì sí nínú rẹ̀. Ó di ìgbà tó bá padà lọ, tó tún padà lọ, tí ojú ara rẹ̀ sú u nínú fóònù, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlú.

Ẹ wo àwọn tèmi àkọ́kọ́. Shimla ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh ní àríwá Íńdíà, ó sì fi ohun tó lé ní mítà 2,000 ga ju ojú òkun lọ. Ní 1864 ni àwọn òyìnbó amúnisìn sọ ọ́ di olú ìlú wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bí ooru Calcutta, olú ìlú wọn gan-an, bá ti fẹ́ sè wọ́n jinná, tìwé takọ̀wé, gbogbo ìjọba á ṣí gòkè. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Christ Church, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè, ṣì dúró lórí Ridge, gbàgede ńlá tó wà láàárín ìlú. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo ti ya fọ́tò jù. Èmi nínú jákẹ́ẹ̀tì tí mo yá lọ́wọ́ ẹlòmíì, èmi àti àgbàdo sísun tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti ata pa lára, èmi tí mo na ìka méjì sókè. Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Orí mi bo ilẹ̀kùn rẹ̀. Òkè Himalaya tí mo torí rẹ̀ wá ńkọ́? Kùrukùru gbé e mì.

Ká má tíì sọ ti àwọn tó ń ya èmi gan-an. Àwọn arìnrìn-àjò láti Punjab àti Haryana kún Ridge fọ́fọ́, bí wọ́n bá sì ti rí adúláwọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, sẹ́lífíì kan péré." Bàbá, ìyá, ọmọ, ìyá àgbà tó ró sárì, gbogbo wọn á tò yí mi ká. Ojú mi wà nínú fóònù àwọn ìdílé tí n kò mọ orúkọ wọn, bóyá àwọn kan tiẹ̀ ti gbé mi kọ́ sára ògiri. Àwọn kan nínú wa máa ń bínú sí i. Ní tèmi, ẹni tó bá béèrè, mo máa ń dúró fún un. Ẹni tó bá ń yọ́ fóònù yà mí láti ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, èmi náà á yọ fóònù tèmi, màá yà á padà.

Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ridge tí èèyàn ti lè wo ìsàlẹ̀, síhà Lower Bazaar títí dé Cart Road. Ẹni tó bá ti dúró ní Mápó rí, tó wo òrùlé Ìbàdàn, á mọ ohun tí mò ń sọ, àfi pé ti Shimla dà gẹ̀rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: fèrèsé ilé kan, òrùlé ilé kejì ló ń wò, páànù pupa, páànù aláwọ̀ ewé, tò sísàlẹ̀ lọ. Mo ti dúró síbẹ̀ nígbà òjò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí yìnyín bo gbogbo páànù tán. Ojú kan náà ni mo ń yà. Kò sí èyí tó jọni lójú nínú wọn bí a bá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, oorun dá lójú mi. Ilé tó jẹ́ alájà mẹ́rin ti di alájà márùn-ún, irin òpó tó yọ ṣóńṣó lórí rẹ̀ sì fi hàn pé wọn ò tíì ṣe tán. Igi deodar méjì ló wà ní igun ọwọ́ òsì tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ló kù. Bẹ́ẹ̀ mo ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà, n kò fura.

Samuel Bourne, òyìnbó ayàwòrán tó dé Íńdíà ní 1863, ya Shimla láyé ìgbà yẹn. Nínú àwòrán rẹ̀, igbó ló ni ilẹ̀, ilé kàn ń yọjú láàárín igi ni. Nǹkan bí 25,000 èèyàn ni àwọn òyìnbó fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣètò ìlú náà. Nígbà ìkànìyàn 2011, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti sún mọ́ 170,000, láìka èrò tó ń wọ́ gòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi náà sì wà lára wọn. Ní 2018, omi wọ́n débi pé àwọn ará ìlú ń kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí àlejò má wá mọ́. Mo ní fọ́tò kẹ̀ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tó tò de táńkà omi, tí kò sí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kẹ̀ẹ̀gì ló ń bá olówó rẹ̀ dúró.

Ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń ti Kalka, ìlú ìsàlẹ̀ òkè, bọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀sì yá jù ú lọ. 1903 ni wọ́n ṣí ojú irin náà. Kìlómítà 96 ni, ihò tí wọ́n lu gba inú òkè lójú ọ̀nà jẹ́ 102, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2008. Bí ọkọ̀ bá ti wọ inú ihò, àwọn ọmọdé (àti àwọn àgbà kan tí ojú kì í tì) á figbe ta. Àwọn fọ́tò inú ihò dúdú kirikiri, mo ti pa gbogbo wọn rẹ́. Èyí tí mo dúpẹ́ pé n kò pa rẹ́ ni ọ̀kan tí mo yà láti ojú fèrèsé ní àdúgbò Summer Hill, ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn kí a tó wọ Shimla. Ọwọ́ mi gbọ̀n, gíláàsì fèrèsé dọ̀tí, ìka mi wà létí rẹ̀. Igi ló kún inú rẹ̀, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ní ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹjọ 2023, lẹ́yìn àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò, òkè ya ní Summer Hill. Oṣù Sawan ni, oṣù mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, àwọn olùsìn òrìṣà Shiva sì ti wà nínú tẹ́ḿpìlì láàárọ̀ kùtù. Ẹrẹ̀ àti igi ya lu tẹ́ḿpìlì náà, 20 èèyàn ló kú. Ó gbé afárá ojú irin lọ, irin wá so rọ̀ lófuurufú, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé rí fọ́tò ìyẹn nínú ìròyìn. Fọ́tò bí àdúgbò náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni kò wọ́pọ̀, torí ta ni yóò ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ ìyeyè wà lókè? Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, òkè náà ti là gbàràgàdà, erùpẹ̀ lásán. Mo ya òun náà. Wọ́n ní òjò ló fà á. Òjò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò mi ti ẹ̀gbẹ́ Ridge ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ nípa ilé àti igi.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn kò tilẹ̀ ní òkè nínú. Mall Road, òpópónà ńlá Shimla, kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀, àtẹ̀gùn ni wọ́n sì ń gùn dé ọ̀pọ̀ ilé, nítorí náà ẹ̀yìn alábàárù ni ẹrù ìlú náà ń gbà: sílíńdà gáàsì, sìmẹ́ńtì, fìríìjì. Kashmir ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, Khan ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Àwọn àlejò fẹ́ràn láti máa yà wọ́n láti ẹ̀yìn, bí ẹrù ṣe tẹ̀ wọ́n ba. Mo pàdé bàbá kan lórí àtẹ̀gùn, mo fi Híńdì mi tó ń tiro bi wọ́n pé, "Chacha, ṣé mo lè yà yín?" Wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n rọra sọ sílíńdà kalẹ̀, wọ́n tú okùn àyà, wọ́n fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tún un dé. Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ ti sílíńdà náà kó lè kúrò nínú fọ́tò. Kò kúrò tán, ó ṣì yọ pupa ní igun. Wọ́n ka nọ́ńbà ọmọ wọn fún mi, mo fi ránṣẹ́ lójú wọn, ọmọ náà sì ti fèsì kí n tó gun àtẹ̀gùn dókè.

Àwọn tí mo fi hàn sọ pé fọ́tò náà kò sọ nǹkan kan, pé ẹrù ni ì bá gbé e yọ. Èmi ò gbà. Bàbá yẹn mọ irú fọ́tò tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn rí.

Oṣù kọkànlá ni mo tún ń lọ, òjò á ti dá, òkè oníyìnyín á ti hàn láti Ridge. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé mi, kó sanwó ọkọ̀ ara rẹ̀, kó sì fi jígí ojú sápò kí a tó gun òkè Jakhu, níbi ère Hanuman, òrìṣà ọ̀bọ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 108. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ á já a gbà lójú ẹni, oúnjẹ ni wọ́n sì ń gbà kí wọ́n tó dá a padà.