Ẹni tó ń ra góòlù yẹn ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún lọ wo omi Ọ̀ṣun. Ó ti pọ́n, ó ki bí ẹrẹ̀. Ní 2022 ìjọba fúnra wọn kìlọ̀ pé ká má mu ún mọ́, omi tí ìyá tó ń wá ọmọ ń bu sí kẹ́ẹ̀gì lọ sílé lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun! Inú ń bí mi gan-an.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ni ẹrẹ̀ ti ń bọ̀, kòtò tí wọ́n gbẹ́ tí wọn ò dí, òjò á gbá gbogbo ẹ̀ wọ odò. Àwọn èèyàn á ní kí sójà lọ lé wọn. Tí wọ́n bá lé wọn, wọ́n á wọgbó, tó bá ṣe díẹ̀ wọ́n á tún padà, torí ọmọ wọn máa jẹun. Làísẹ́ńsì láti wa góòlù náà, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin 2007 ní kó máa fúnni, gọ́mìnà ò lè fún yín, ṣé ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì jẹun ló máa wá gba Àbújá lọ?

Ojú mi wà lára olówó tó ń ra góòlù lọ́wọ́ wọn. Òun ló ń yá wọn lówó oúnjẹ, òun náà ló ń gbé mẹ́kúrì, irin olómi tó ní májèlé, fún wọn, iye tó bá wù ú ló máa san. Mẹ́kúrì yẹn á gbá góòlù mọ́ra, wọ́n á gbé e sórí iná, wọ́n á máa fa èéfín ẹ̀ símú, èyí tó bá dà, á bọ́ sómi, ó di inú ẹja. Ní Zamfara ní 2010, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ló kú, òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé ló pa wọ́n.

Kí ìjọba ṣí ibi tí wọ́n á ti máa ra góòlù sí Iléṣà, iye tó ń lọ lágbàáyé lọ́jọ́ náà ni kí wọ́n san, owó lọ́wọ́. Ìjọba Buhari ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní 2019, PAGMI ni wọ́n pè é, kí wọ́n gbé e dé ẹnu kòtò. Kí wọ́n fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ń wa góòlù ní ìkòkò onídèérí tó ní páìpù, èéfín mẹ́kúrì á tutù níbẹ̀, á padà di mẹ́kúrì tí wọ́n á tún lò. Tí wọ́n bá wá gbé góòlù dé, kí ẹnìkan kọ́kọ́ lọ wo kòtò tí wọ́n gbẹ́ lóṣù tó kọjá. Tí wọn ò bá tíì dí i, kí wọ́n gbé góòlù wọn padà sílé.