Sátẹ́láìtì kì í rí gbogbo iná
“Kò sí iná igbó tó lè pamọ́ fún sátẹ́láìtì” kẹ̀? Mi ò gbà o. Lóòótọ́, wọ́n tọpa èéfín igbó Kánádà ní 2023 títí ó fi sọdá òkun dé Yúróòpù, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n Terra àti Aqua, sátẹ́láìtì NASA méjì tó ń ṣọ́ iná láti òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í kọjá lórí wa ju bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́. Lọ́nà Ọdẹ́dá níbí, iná oko á ti jó, á ti kú kí wọ́n tó yí dé. Bí ìkùukùu bá sì ṣú bolẹ̀, ó parí, wọn ò ní rí iná náà. Ọmọ mi tó ní ikọ́ fée kì í rí oorun sùn lóru ọjọ́ tí iná oko bá jó. Ẹ bá wa gbé ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín sílẹ̀ Abẹ́òkúta náà, ibi tá a ti ń fà á símú.